Igi Tí Wọ́n So Orúkọ Mi Mọ́

Abúlé Neutigol,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù keje.

Dong-ik ọmọ mi,

Òjò dá díẹ̀ lónìí, mo ní kí n tètè kọ̀wé kí òmíràn tó ṣú. Báwo ni ara? Iṣẹ́ ńkọ́? Ìyá Se-bin ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti fi í sílẹ̀? Se-bin ńkọ́, ṣé eyín iwájú rẹ̀ tó ká ti hù padà? Ọ̀run tó ń wò wá lókè yóò máa wò yín ní Seoul. Ẹ ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Àpótí irin tó ń gbé yín gòkè ilé yẹn kò ní há yín mọ́ àárín. Àjà kọkàndínlógún tí ẹ ń gbé, afẹ́fẹ́ ò ní mì ín. Bàbá rẹ tó sùn sórí òkè kò ní sùn gbàgbé yín. Ẹ má mu omi yìnyín jù nínú ooru yìí, ẹ kàn ń fi àyà yín wá ikọ́ ni.

Kí o tó ka iwájú, jókòó. Kò sẹ́ni tó kú. Mo mọ̀ ẹ́, láti kékeré lo ti máa ń ṣí ìwé láti ẹ̀yìn lọ wo bó ṣe parí. Jọ̀ọ́, má ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìwé ìyá rẹ. Kà á bí mo ṣe tò ó, nítorí bí o bá kàn fò lọ sí ìsàlẹ̀, o ò ní mọ ìdí tí n kò fi gbé fóònù rẹ láti oṣù kẹta títí wọ oṣù karùn-ún, ìdí tó tún jẹ́ pé nígbà tí mo wá pè ọ́, ẹkún ni mo ń sun tí n kò lè ṣàlàyé, tí o sì ní ẹ̀rọ náà ló bàjẹ́.

Aáyù ti wọlé, ó tóbi bí ìkúùkù ọmọdé, mo ti so tiyín sábẹ́ òrùlé. Ata ò burú. Màmá Chil-bok aládùúgbò wa ti dé láti ọsibítù, wọ́n fi irin sí orúnkún rẹ̀, ó wá ń bẹ̀rù àrá báyìí, bí ojú ọ̀run bá ti kùn báyìí á na ẹsẹ̀ náà sábẹ́ tábìlì. Mo ní ṣé tábìlì ni yóò gbà á lọ́wọ́ àrá, ó ní kí n dákẹ́, orúnkún mi ò ní ohun tí àrá ń wá.

Ó yá, ọ̀rọ̀ náà rèé. O rántí ohun tí o sọ níwájú sàréè bàbá rẹ lọ́dún tó kọjá, nígbà tí a lọ gé koríko ibẹ̀. Omi ti bá wa jà lọ́dún náà. Ìwọ náà mọ yáàdì ilé ẹ̀kọ́ tó wà lókè wa, ó tẹ́jú, ó pá bí àtẹ́lẹwọ́, yanrìn lásán, bí òjò bá ti bọ́ síbẹ̀ kò sí ohun tó máa mú un dúró, ńṣe ló máa ń sáré gba ẹ̀yìnkùnlé mi wọlé. Lọ́dún tó kọjá ó wọ yàrá, ó wọ ilé ìdáná, ó kó ìkòkò ẹ̀wà sóyà mẹ́ta lọ, títí kan èyí tí ìyá bàbá rẹ fi ogójì ọdún ro sóyà nínú rẹ̀, ìwọ fúnra rẹ lo lọ fà á yọ láàárín ewé kábéèjì ẹni ẹlẹ́ni. Ìgbà náà lo wá sọ pé, Màmá, bí omi bá tún wọ ilé yìí lọ́dún tó ń bọ̀, n kò ní bá yín jiyàn mọ́, ọkọ̀ akẹ́rù ni n ó mú wá, ẹ ó máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa. N kò fèsì. O gbà pé mo ti gbà.

Ọmọ mi, láti ọjọ́ náà ni n kò ti sùn dáadáa. N kò kórìíra ilé yín. Àmọ́ níbo ni mo fẹ́ to ìkòkò sí lókè níbẹ̀? Ta ni mo fẹ́ kí láàárọ̀? Níbí, bí mo bá ti ń da omi ìrẹsì nù lẹ́yìn ilé ìdáná báyìí, mo máa ń gbójú sókè sí sàréè bàbá rẹ, mo máa sọ fún un ohun tí a fẹ́ jẹ. Ọdún mọ́kànlá rèé, kò tíì dá mi lóhùn pé òun ò fẹ́. Bí mo bá kúrò nílé yìí, ta ni yóò máa sọ fún un?

Nítorí náà, nígbà tí o pè mí láàárín oṣù kẹta, ọkàn mi kò balẹ̀ tẹ́lẹ̀ kó o tó sọ̀rọ̀. O ní, Màmá, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ òkè máa mú fọ́ọ̀mù kan wá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ lu òǹtẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ orúkọ yín sí mọ́ ọn, mo ti sanwó igi kan lórúkọ yín. Bí o ṣe sọ ọ́ tán ni ẹnì kan pè ọ́ níbi iṣẹ́, o ní o máa pè mí padà. Gbogbo wàhálà yìí, inú mo-máa-pè-yín-padà yẹn ló ti jáde.

O mọ̀ pé nígbà ìkórè tó kọjá, èmi àti Màmá Chil-bok lọ sin àna rẹ̀ ní oko òkú tuntun tó wà lẹ́yìn ìlú. Wọn kì í mọ òkìtì níbẹ̀. Eérú òkú ni wọ́n ń sin sí ìdí igi, wọ́n á so pátákó pẹlẹbẹ mọ́ igi náà, wọ́n á kọ orúkọ àti ọjọ́ sí i, àwọn ọmọ ló sì máa ń sanwó igi fún iye ọdún tí wọ́n bá fẹ́. Màmá Chil-bok bi òṣìṣẹ́ ibẹ̀ pé ṣé àna òun nìkan ló ni igi yìí, ọkùnrin náà ní rárá, ẹni mẹ́rin ló wà nídìí ẹ̀. Màmá Chil-bok ní háà, àna òun tí kì í bá ènìyàn jókòó jẹun.

Nítorí náà, nígbà tí o ní o ti sanwó igi kan lórúkọ mi, kí lo fẹ́ kí n rò?

Ọjọ́ kẹta ìpè rẹ ni àwọn ọmọ náà dé. Mẹ́ta ni wọ́n, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Yu-rim ló ṣáájú wọn, ọmọ kíláàsì kẹta, ọmọ ọmọ bàbá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe létí odò. Wọ́n tẹrí ba, wọ́n ní Ìyá àgbà, ẹ kú ilé o, a mú fọ́ọ̀mù yín wá. Mo gbà á, mo wọ awò mi. Mo jáde ilé ẹ̀kọ́ yẹn fúnra mi, n kì í ṣe púrúǹtù, mo kà á láti òkè dé ilẹ̀. Ó béèrè orúkọ mi. Ó béèrè ọjọ́ tí wọ́n bí mi. Ó béèrè orúkọ ọmọ tó sanwó. Ó ní kí n yọ̀ǹda ilẹ̀ tóóró tó wà láàárín ògiri ilé ẹ̀kọ́ àti ẹ̀yìnkùnlé mi, kí wọ́n lè gbẹ́ ẹ. Mo bi Yu-rim pé kí ni wọ́n fẹ́ gbẹ́ síbẹ̀, ó ní kòtò ni, Ìyá àgbà, kò ní jìn púpọ̀. Mo ní báwo ló ṣe gùn tó, ọmọ náà na ọwọ́ méjèèjì, ó ní àgbàlagbà lè nà gbalaja sínú ẹ̀ kí àyè tún kù. Ó fi ẹ̀rín sọ ọ́.

Ìyẹn ò tíì burú. Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí wọ́n ti kọ lẹ́tà wẹ́wẹ́ tó dà bí ẹyin iná orí, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé gbogbo ohun tó jẹ mọ́ ẹni tó bá fọwọ́ sí i, àwọn máa tọ́jú rẹ̀ fún ọdún márùn-ún, lẹ́yìn náà àwọn á pa á run pátápátá tí ẹnikẹ́ni ò ní lè rí i mọ́.

Dong-ik, ojú mi ṣú. Gbogbo ohun tó jẹ mọ́ mi! Kí ló tún jẹ mọ́ mi ju egungun mi lọ? Ọdún márùn-ún péré! Àna Màmá Chil-bok tó jẹ́ aláriwo ènìyàn, ọgbọ̀n ọdún ni àwọn ọmọ rẹ̀ rà fún un. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí mo fi ata àti aáyù rán lọ sí yunifásítì ṣe lọ ra èyí tó pọ́ọ́kú jù fún mi, mo sì wà láàyè, mo ń rìn, mo ń jẹun, bàbá rẹ sì ti fi ààyè sílẹ̀ fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ lórí òkè.

Mo sọ fún àwọn ọmọ náà pé òǹtẹ̀ mi sọnù. Irọ́ ni, inú àpò ni ó wà. N kò lè jẹ́ kí wọ́n fi ebi lọ ṣá, mo fún wọn ní èso pàsímọ́nì gbígbẹ, wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ. Mo mú òǹtẹ̀ mi, mo rì í mọ́ inú ìrẹsì. Mo mú fóònù náà, mo fi aṣọ wé e nítorí mo mọ̀ pé ó ní ojú níwájú ó tún ní lẹ́yìn, n kò sì fẹ́ kí o rí mi bí ojú mi ṣe wú, mo rì í mọ́ ibì kan náà. Bí o bá ti ń pè, ńṣe ló máa ń gbọ̀n nínú ìrẹsì bí adìyẹ tó fẹ́ yé.

Lọ́jọ́ kejì mo gòkè lọ sí ilé ẹ̀kọ́ láti fi ojú ara mi rí i. Wọ́n ti to àwọn igi wẹ́wẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, gbòǹgbò wọn wà nínú àpò, pátákó kéékèèké wà lọ́rùn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ń kà wọ́n lọ. Mo bá tèmi. Bong Mal-nye, wọ́n kọ ọ́ gbàgàdà, wọ́n wá kọ ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹrin sábẹ́ rẹ̀, ọjọ́ tí kò tíì dé rárá! Mo wo apá ọ̀tún, kí n mọ ẹni tí wọ́n fi ṣe aládùúgbò mi. Kkami. Ajá ilé ẹ̀kọ́ ni Kkami. Mo wo apá òsì, mo bá orúkọ Ọ̀gbẹ́ni Do onísọ́ọ̀bù, tí mo ra ẹja wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, tó rẹ́rìn-ín sí mi dáadáa. Àánú rẹ̀ ṣe mí ju tèmi lọ, nítorí kò mọ̀. Mo padà lọ ra ẹja tí n kò nílò, kí n lè wo ojú rẹ̀. Mo ní Ọ̀gbẹ́ni Do, ẹ máa rọra ṣe o, ẹ má gbé ẹrù wúwo. Ó ní Màmá Dong-ik, kí ló dé. Mo ní kò sí.

Màmá Chil-bok ni mo sọ fún. Mo rò pé yóò bá mi sunkún. Ó ní ìwọ tiẹ̀ ń ṣe yàngà, ọmọ tèmi wà ní Busan, kò ra igi, kò ra ewé, bí mo bá kú lónìí ẹ̀yìn fíríìjì ni wọ́n máa gbé mi sí. Ó tún ní ajá kò burú, ó sàn ju àna òun lọ, ajá kì í sọ̀rọ̀ lójú oorun. Nígbà tí o pe ilé ìpàdé àwọn àgbà abúlé tí o ń béèrè mi, òun ló dá ọ lóhùn pé aáyù ni mò ń tú, èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ bẹ́ẹ̀. Má bínú sí i.

Ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹrin pé. Baálẹ̀ kéde láàárọ̀ lórí gbohùngbohùn pé ọjọ́ igi gbíngbìn ni, kí ẹni tó bá ní ṣọ́bìrì gbé e lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Mo dúró lẹ́yìn ìkòkò mi, mò ń wò wọ́n. Gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ náà ò ju mọ́kàndínlógún lọ, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n gbin igi yí yáàdì náà ká, wọ́n fi òkúta la kòtò gba ẹsẹ̀ ògiri. Ibi tó dojú kọ ẹ̀yìnkùnlé mi nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ nítorí òǹtẹ̀ mi, ó wá rí bí ibi tí eyín Se-bin ti ká. Kò sí ẹni tó kú lọ́jọ́ náà. Ọ̀gbẹ́ni Do kọjá lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ń súfèé. Mo ní wọ́n ti sún un síwájú nìyẹn.

Nígbà tí oṣù karùn-ún wọlé, òjò kékeré kan rọ̀, òjò tí kò tó nǹkan. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi, Dong-ik. Níbi tí kòtò àti igi wà, omi rọra lọ. Níbi tí mo kọ̀ fún wọn, gbogbo rẹ̀ kó ara rẹ̀ jọ, ó gba àlàfo náà wọ ẹ̀yìnkùnlé mi tààrà, ó ṣí ìdérí ìkòkò kan. Òjò tí kò tó nǹkan ni o! Àgbàrá ò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un, èmi onílé sì ni mo ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún un yẹn. Mo rí ọkọ̀ akẹ́rù rẹ lójú mi, mo rí àpótí aṣọ mi lẹ́yìn rẹ̀. Síbẹ̀ mo ń sọ fún ara mi pé kàkà kí n gbà kí wọ́n sin mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ajá, kí omi náà máa bọ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni n kò lè mú un mọ́ra mọ́. Yu-rim gbé kẹ́tùlù wá sẹ́yìn ògiri, ó ń bomi rin igi. Mo yọjú, mo ní ọmọ, dá mi lóhùn òtítọ́, ta ló wà nídìí igi yẹn? Ó wo ìdí igi, ó wo èmi, ó ní Ìyá àgbà, gbòǹgbò ni. Mo ní lẹ́yìn gbòǹgbò ńkọ́? Ó ní kòkòrò. Mo ní kó má fi mí ṣeré, mo ní Kkami dà, ìgbà wo ló kú? Ibi tí mo ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni Kkami fúnra rẹ̀ yọ láti ẹ̀yìn kíláàsì, ó ń mi ìrù, ó lọ tààrà sídìí igi tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó sì tọ̀ sí i.

Ibẹ̀ ni mo ti jókòó sílẹ̀. Mo sọ ohun gbogbo fún ọmọ náà, oko òkú, ọdún márùn-ún, àgbàlagbà tó lè nà gbalaja. Ó kọ́kọ́ la ẹnu, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí omi fi dà nínú kẹ́tùlù rẹ̀, ó pe àwọn yòókù, wọ́n rẹ́rìn-ín, ọ̀kan nínú wọn dùbúlẹ̀ sínú kòtò ó di ojú, ó ní Ìyá àgbà, ẹ wá sin mí, mo ní ìṣirò lọ́la. Ìgbà yẹn ni olùkọ́ wọn, Olùkọ́ Ban, jáde, ó lé wọn dìde, ó jókòó tì mí lórí ògiri. Ó ní, Màmá, ìwé tí ẹ kọ orúkọ yín sí ni a máa tọ́jú fún ọdún márùn-ún, ìwé yẹn náà la máa pa run, òfin ló ní ká kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní ọjọ́ igi gbíngbìn ni ọjọ́ tó wà lára pátákó. Ó ní orúkọ ẹni tí wọ́n bá fẹ́ bu ọlá fún ni wọ́n ń so mọ́ igi, àwọn ọmọ wá bu ọlá fún ajá wọn.

Ó wá mú mi wọ kíláàsì. Ọmọ mi, wọ́n lẹ lẹ́tà rẹ mọ́ ògiri. Lẹ́tà tí o kọ sí wọn nígbà tí o fi owó igi ránṣẹ́. Mo wọ awò mi, mo kà á lórí ìdúró. O ní ìyá mi ń gbé nísàlẹ̀ ògiri yín, kò fẹ́ kúrò nílé rẹ̀, mo sì ń halẹ̀ mọ́ ọn pé n ó kó o kúrò, nítorí bí òjò bá ti ń rọ̀ níbí, àyà mi máa ń já títí ilẹ̀ fi máa mọ́. O ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá omi náà dúró kí n má baà ṣe ohun tí mo sọ.

N kò mọ̀ pé o kì í sùn. Èmi tí mo jí sílẹ̀ níbí nítorí ọkọ̀ akẹ́rù rẹ, ìwọ tí o jí sílẹ̀ níbẹ̀ nítorí omi mi. Kí ló dé tí o kò sọ ọ́ fún mi bí o ṣe sọ ọ́ fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ? Ọjọ́ yẹn ni mo hú fóònù jáde tí mo pè ọ́, tí o ní ẹ̀rọ bàjẹ́.

Mo sì gbọ́dọ̀ sọ ohun kan fún ọ tí n kò sọ rí. Yáàdì yẹn, igi wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kejì, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní a fẹ́ ṣe pápá eré ìdárayá, àwa ọmọ la gé wọn, àwa la hú kùkùté, àwa la ru yanrìn láti odò wá tẹ́ ẹ. Inú wa dùn. Mo gba ipò kejì nínú eré sísá lórí yanrìn yẹn. Mo jẹ́wọ́ rẹ̀ fún Yu-rim, mo ní àwa la fa omi yìí. Ó ní, áà, Ìyá àgbà, iṣẹ́ àṣetiléwá yín tí ẹ ò ṣe láti ọjọ́ yìí wá ni ẹ kó lé wa lórí. Ẹnu ọmọ yẹn mú.

Mo wú òǹtẹ̀ mi jáde nínú ìrẹsì, mo lù ú sórí fọ́ọ̀mù náà títí yíǹkì fi ta sí Olùkọ́ Ban lápá. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ tóóró náà lọ́jọ́ kejì. Igi ti yọ ewé nígbà náà, àsìkò gbíngbìn ti kọjá, àmọ́ wọ́n ti tọ́jú àwọn igi wílò kan, títí kan èyí tó ní orúkọ mi, sínú ìkòkò amọ̀ fún mi, wọ́n ń retí mi. Wọn ò mọ igi gbìn rárá! Wọ́n ń tẹ ilẹ̀ mọ́ ọn bí ẹni tó bínú sí i. Mo gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ wọn, mo fi ẹrẹ̀ pa gbòǹgbò, mo ní ẹ jẹ́ kó mí. Mo kó gbogbo koríko ìrẹsì tí mo fi pamọ́, a tẹ́ ẹ sí ìdí wọn. Màmá Chil-bok jókòó lórí àga, ó na orúnkún irin rẹ̀ síwájú, ó ń pàṣẹ fún gbogbo wa.

Òjò ńlá dé ní ìparí oṣù kẹfà. Ọ̀sán ni, mò ń ṣa ewé ata. Fóònù kígbe bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n mú lẹ́sẹ̀, ìjọba ló kọ̀wé pé òjò ń bọ̀, kí àwọn tó ń gbé nísàlẹ̀ òkè ṣọ́ra. Mo gbé e sétí, mo ní mo ti gbọ́ o, ẹ ṣeun, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ó tún kígbe. Mo ní bóyá wọn ò gbọ́ mi, mo lọ síta kí ohùn mi lè jáde dáadáa, mo tún dá wọn lóhùn. Wọ́n ṣì kígbe lẹ́ẹ̀kẹta, mo wá mọ̀ pé ẹni tó wà níbẹ̀ ló ń bẹ̀rù.

Ó rọ̀ lọ́jọ́ náà, ó rọ̀ lọ́jọ́ kejì. Màmá Chil-bok sáré wá, ó ní bí omi bá máa gbé wa, kó gbé wa pẹ̀lú ikùn kíkún, a da ìyẹ̀fun, a gé àlùbọ́sà eléwé, a ń dín in bí a ṣe máa ń dín in lọ́jọ́ òjò. Àwọn ọmọ mọ́kàndínlógún dúró lẹ́yìn ògiri pẹ̀lú aṣọ òjò oríṣiríṣi àwọ̀, Olùkọ́ Ban ń pariwo pé kí wọ́n wọlé, wọn ò wọlé. Omi dé. Ó pọ́n, ó ń hó, ó kún yáàdì, mo ní ó ti parí. Mo ti gbé fọ́tò bàbá rẹ sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Nígbà tó dé ibi koríko àti igi náà, ó rọ̀, ó bọ́ sínú kòtò, ó ń tò tẹ̀lé ara rẹ̀ bí àwọn arúgbó tó ń dúró de dókítà, ọ̀kan wọlé kí èkejì tó sún. Èyí tó ṣẹ́ kù yọ́ wá sí ẹ̀yìnkùnlé mi, ó gba àárín ìkòkò, kò ṣí ìdérí kankan, ó dé orí òkúta tí mo máa ń bọ́ bàtà sí, ó rin ìsàlẹ̀ bàtà rọ́bà mi. Màmá Chil-bok di ọwọ́ mi mú. Omi náà dúró níbẹ̀ bí àlejò tí wọn ò tíì ní kó wọlé, ó pẹ́ díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í padà.

Ariwo tí àwọn ọmọ yẹn pa, o yẹ kó o ti gbọ́ ọ ní Seoul. Yu-rim fò lórí ògiri, bàtà rẹ̀ kan há sínú ẹrẹ̀, a ò tíì rí i títí di òní. Wọ́n wọlé pẹ̀lú omi lára wọn, wọ́n jẹ gbogbo ohun tí a dín, wọ́n jẹ èyí tí a ò tíì dín tán. Ọ̀kan ní Ìyá àgbà, ẹ rí i, ilé yín gbẹ ju ilé ẹ̀kọ́ wa lọ, kíláàsì wa ń jò.

Olùkọ́ Ban kì í parọ́, ó sọ fún mi pé kí n má tíì dúpẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ igi, kòtò àti koríko ló ṣe èyí tó pọ̀ jù lọ́dún yìí, igi wọ̀nyí ṣì jẹ́ ọmọ ọwọ́, ó di ọdún mẹ́wàá kí gbòǹgbò wọn tó lè mu omi bó ṣe yẹ. Ó ní òjò ọdún yìí náà ò tíì tán. Mo ní Olùkọ́, ọdún mẹ́wàá kì í ṣe nǹkan, n ó dúró dè wọ́n. Ewé ẹ̀fọ́ ìlà kan ni omi bà jẹ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òjò méjì tó le ju ti ọdún tó kọjá lọ ti kọjá, n kò nu omi kankan nínú yàrá. Ní alẹ́ ọjọ́ tí omi náà padà, mo sùn títí oòrùn fi tà mí lójú, ó ti tó ọdún kan tí irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn.

Nítorí náà, Dong-ik, sọ fún ọlọ́kọ̀ akẹ́rù pé kó lọ máa gbé ẹrù ẹlòmíràn. Ìwọ náà sùn. Bí òjò bá ń rọ̀ ní Seoul, pè mí, n ó gbé fóònù, n ó sọ ibi tí omi dé fún ọ láìfi ohunkóhun pamọ́, bó bá jẹ́ ẹnu ọ̀nà ló dé n ó sọ bẹ́ẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Fi díẹ̀ ránṣẹ́, kí n ra bàtà òjò fún Yu-rim, kí n sì ra epo àti ìyẹ̀fun, nítorí àwọn ọmọ wọ̀nyí ti mọ ọ̀nà ilé mi báyìí, lójoojúmọ́ ni wọ́n ń wá wo igi tí wọ́n á wá máa wo ìkòkò. Bí ó bá tún ṣẹ́ kù, ra igi kan fún Màmá Chil-bok, nítorí ó ti ń bá mi ṣe kẹ́yìn-síra. Má fi í sí báńkì. Obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ báńkì yẹn ti yí padà sí mi. Lóṣù tó kọjá ó ní kí n tẹ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ mi, mo ní èwo ni ti ìkọ̀kọ̀ láàárín wa, ṣebí mo máa ń kí i ní gbogbo ìgbà tí mo bá wá. Kò dáhùn. Ó ní àkókò ti tán, ó sì gbé káàdì mi mì níṣojú àwọn ènìyàn. Fi í sínú àpòòwé, kí o kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ẹja gbígbẹ ni.

Ọ̀run á gbà ọ́ lọ́wọ́ omi tí ojú rí àti èyí tí ojú ò rí. Ọ̀gá rẹ á máa fi ojú rere wò ọ́. Ìyá Se-bin á ní ìlera, Se-bin á dàgbà ju ìwọ lọ, á sì mọ̀wé jù ọ́ lọ. Ohun tí o ṣe fún ìyá rẹ láìjẹ́ kó mọ̀, ọmọ rẹ á ṣe é fún ọ, àmọ́ kí tìrẹ kọ́kọ́ ṣàlàyé fún ọ kó tó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Oòrùn ti yọ díẹ̀, n ó lọ ṣí ìdérí àwọn ìkòkò mi kí sóyà lè rí afẹ́fẹ́. Mo ti ń ro tuntun, èyí tí a ó jẹ lọ́dún mẹ́ta sí i.

Èmi ni ìyá rẹ,
Bong Mal-nye,
nínú ilé ara rẹ̀, lórí ilẹ̀ gbígbẹ.